Bá a ṣe lè wo kámẹ́rà ilé wa tààrà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, láì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì

Adùkẹ́_Onílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Kámẹ́rà mẹ́ta la ní nílé, ọ̀kan ń wo gééètì, ọ̀kan ń wo ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan wà ní pálọ̀, Wi-Fi ilé ni gbogbo wọn ń lò, áàpù tó bá wọn wá ni mo sì fi ń wò wọ́n lórí fóònù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ báyìí, áàpù yẹn á kàn máa yí lójú kan ni, kò ní gbé nǹkan kan jáde, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà lèmi àti kámẹ́rà jọ wà, ráwútà kan náà la jọ ń lò, kódà mo lè nawọ́ kan èyí tó wà ní pálọ̀. Kí ló dé tí àwòrán gééètì mi á fi kọ́kọ́ lọ sórí sáfà ẹni tí mi ò mọ̀ rí kó tó padà wá bá mi níbi tí mo jókòó sí? Àti pé kò tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn pé ti pálọ̀ ń jáde nílé rárá, àwọn ọmọ wà ńbẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà wò wọ́n tààrà lórí kọ̀ǹpútà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣàlàyé o, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

BàbáWáyà

Àǹtí Adùkẹ́, ọ̀nà wà dáadáa, kò sì le. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ń lo Wi-Fi tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní RTSP nínú. Ìlànà kan ni, láti 1998 ló ti wà, òun ló jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lè sọ fún ẹ̀rọ kejì pé gbé fídíò rẹ wá, dúró ná, ó ti tó. Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ á ṣe bíi sáfà kékeré, á ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń pè ní port, nọ́ńbà ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 554. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́ẹ̀sì kámẹ́rà, tó ní yúsánéèmù àti pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, tó sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, á kàn ilẹ̀kùn yẹn, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ lè yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn ráwútà pátápátá, tí ráwútà ṣá ti wà lórí iná, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà yín á ṣì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí áàpù ń ṣe yàtọ̀. Àwọn tó ṣe kámẹ́rà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ wá àdírẹ́ẹ̀sì kankan, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà àti fóònù lọ pàdé lórí sáfà tiwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ara wọn mọ̀. Àwọn áàpù míì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí i pé inú ilé kan náà lẹ wà, abẹ́lé ni fídíò á gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ́gíìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ibẹ̀ ló ti máa ń há.

Ẹ gbé VLC, áàpù tó ń ṣí fídíò, sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ tẹ Ctrl àti N pọ̀, àpótí kan á jáde, inú ẹ̀ lẹ máa kọ líǹkì sí. Bó ṣe máa ń rí rèé:

rtsp://oruko:pasiwoodu@192.168.1.50:554/ona

Ibi tí mo kọ "ona" sí yẹn ló máa ń da èèyàn láàmú, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Irú kámẹ́rà wo lẹ ní?

Ṣẹ́gun_Ráwútà

Kẹ́ ẹ tó débi líǹkì, ẹ kọ́kọ́ wá IP kámẹ́rà yín, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ wọ inú ráwútà láti orí bíráwúsà, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù sábà máa ń wà lára ráwútà fúnra ẹ̀, lẹ́yìn tàbí nídìí, ẹ wá ibi tí wọ́n bá kọ DHCP tàbí Connected Devices sí. Gbogbo ohun tó wà lórí Wi-Fi yín á tò síbẹ̀. Orúkọ tí kámẹ́rà fún ara ẹ̀ níbẹ̀ lè má nítumọ̀ kankan, ẹ má dààmú, ẹ wo nọ́ńbà àti lẹ́tà méjìlá tí wọ́n ń pè ní MAC, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára kámẹ́rà, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ráwútà, èyí tó bá bára mu ni tiyín.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ o. Ẹ so IP yẹn mọ́ kámẹ́rà, Address Reservation ni ọ̀pọ̀ ráwútà ń pè é. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe é, ọjọ́ tí iná bá lọ tó padà dé, ráwútà lè pín IP tuntun, 50 á di 53, líǹkì yín ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ó wá máa rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Mo mọ ẹni tó torí èyí lọ ra kámẹ́rà tuntun nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, ó dùn mí fún un gan-an.

Ẹ tún wò ó dáadáa kó má lọ jẹ́ Guest Wi-Fi ni kámẹ́rà wà, torí Guest kìí sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ kan rí ẹ̀rọ kejì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé 2.4 GHz ni kámẹ́rà ń lò tí kọ̀ǹpútà sì ń lo 5 GHz, ìyẹn ò sábà fa wàhálà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni.

Adùkẹ́_Onílé

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá. Ti gééètì, Tapo ni. Ti ẹ̀yìnkùlé, Hikvision. Ti pálọ̀ ò ní orúkọ tí mo mọ̀ lára, ó kéré, bátìrì ló ń lò, mo máa ń tú u sílẹ̀ láti chájì ẹ̀.

BàbáWáyà

Ó dáa. Ti Tapo, ẹ kọ́kọ́ wọ inú áàpù ẹ̀, ẹ lọ sí sẹ́tíǹgì kámẹ́rà yẹn, ẹ wá Advanced Settings, ẹ ó rí Camera Account ńbẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tuntun síbẹ̀, òun lẹ máa lò. Kìí ṣe ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọ áàpù o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Líǹkì ẹ̀:

rtsp://oruko:pasiwoodu@IP:554/stream1

Ti Hikvision:

rtsp://oruko:pasiwoodu@IP:554/Streaming/Channels/101

Fún àwọn tó bá máa ka èyí lọ́jọ́ iwájú, ti Dahua ni /cam/realmonitor?channel=1&subtype=0, ti Reolink ni /h264Preview_01_main, àmọ́ lórí àwọn Reolink kan ẹ ní láti kọ́kọ́ tan RTSP nínú sẹ́tíǹgì kó tó dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń gbé fídíò méjì jáde pọ̀. Ọ̀kan tóbi, ó mọ́ kedere, ọ̀kan kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Ti Tapo, stream1 ni ńlá, stream2 ni kékeré. Ti Hikvision, 101 ni ńlá, 102 ni kékeré. Ti Dahua, subtype=0 ni ńlá, subtype=1 ni kékeré. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ máa yọjú wò ni, kékeré ti tó. Ẹ fi ńlá sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ojú èèyàn tàbí nọ́ńbà ọkọ̀.

Adùkẹ́_Onílé

Haa, gééètì ti jáde o! Mo rí i kedere, aago tó wà lókè ní kọ̀rọ̀ ń ka ìṣẹ́jú àáyá bó ṣe ń lọ, mo ní kí ọmọ mi lọ dúró níwájú ẹ̀ kó juwọ́, mo rí ọwọ́ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láì pẹ́ rárá. Mo tún yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bí Bàbá Wáyà ṣe sọ, fídíò ò dúró. Inú mi dùn kọjá bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣe agídí. VLC kàn ń sọ pé òun ò lè ṣí i. Pásíwọ́ọ̀dù ni mo kọ síbẹ̀ bó ṣe wà, ó ní @ àti # nínú, ó dá mi lójú pé kò sí àṣìkọ.

Kọ́lá_Linux

@ yẹn ni, àǹtí. Nínú líǹkì, @ ló máa ń fi hàn pé ibi tí pásíwọ́ọ̀dù parí sí nìyẹn, tí àdírẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀. Tí @ míì bá tún wà nínú pásíwọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ó ti dàrú nìyẹn, VLC á lọ máa wá kámẹ́rà síbi tí kò sí. Ẹ fi %40 rọ́pò @, ẹ fi %23 rọ́pò #. Tẹ́ ẹ bá ní : nínú ẹ̀, %3A ni. Nínú líǹkì nìkan o, pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú kámẹ́rà ò ní yí padà. Tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù sínú líǹkì rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti IP, VLC á fúnra ẹ̀ bi yín, ẹ ó wá kọ ọ́ sínú àpótí tó bá gbé wá.

Àwọn tó bá lè lo tẹ́mínà, ìyẹn ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ffprobe tó ń yẹ fídíò wò ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń sọ ohun tó ń ṣe kámẹ́rà gan-an:

ffprobe -rtsp_transport tcp "rtsp://oruko:pasiwoodu@192.168.1.50:554/stream1"

Tó bá sọ pé 401, orúkọ tàbí pásíwọ́ọ̀dù ni kò bára mu. Tó bá sọ pé 404, ẹ ti wọlé, ọ̀nà tó wà lẹ́yìn 554 ni kò tọ́. Tó bá sọ pé connection refused, kámẹ́rà wà ńbẹ̀ ṣùgbọ́n RTSP ò tíì ṣí. Tó bá kàn dákẹ́ títí tó fi sọ pé timed out, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ IP ni kò tọ́ tàbí kẹ́ ẹ má wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Mímọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ kó máa yí gbogbo sẹ́tíǹgì káàkiri.

Mọ́rẹ́nikẹ́_IT

Òótọ́ ni Kọ́lá sọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi àkáǹtì admin, èyí tó lágbára lórí gbogbo sẹ́tíǹgì kámẹ́rà, sínú líǹkì kankan. Ẹ wọ ojú ìwé Hikvision yẹn láti orí bíráwúsà, ẹ ṣẹ̀dá yúsà tuntun, ẹ fún un ní àṣẹ láti wo fídíò nìkan, ẹ fún un ní pásíwọ́ọ̀dù gígùn tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, wàhálà @ ti tán nìyẹn. Ìdí ni pé líǹkì RTSP máa ń wà nínú fáìlì lóríṣiríṣi, VLC máa ń rántí ẹ̀, ẹlòmíì á ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́, pásíwọ́ọ̀dù á sì wà ńbẹ̀ gbangba. Tó bá jẹ́ ti yúsà tó lè wò nìkan ló bọ́ síta, ẹni tó rí i ò lè yí sẹ́tíǹgì kámẹ́rà yín.

Ẹ tún mọ̀ pé RTSP lásán ò fi nǹkan kan bo fídíò yẹn lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín tó sì mọ ohun tó ń ṣe lè rí i. Torí náà ẹ má máa fún gbogbo àlejò ní pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tí kámẹ́rà wà, Guest ni kẹ́ ẹ máa fún wọn, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Adùkẹ́_Onílé

Ẹ̀yìnkùlé náà ti jáde! Mo ṣẹ̀dá yúsà tuntun bí Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe wí. Ó ku ti pálọ̀, kò dáhùn rárá, connection refused ló ń sọ.

Ṣẹ́gun_Ráwútà

Ti pálọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó má ní i. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oníbátìrì ni kò ní RTSP, kò sì yani lẹ́nu, oorun ni wọ́n máa ń sùn títí nǹkan á fi rìn níwájú wọn, tí wọ́n bá ní kó máa gbé fídíò jáde ní gbogbo ìgbà, bátìrì ò ní pẹ́ tán. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé sáfà ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbà láti bá sọ̀rọ̀, Ring àti Blink ò fúnni ní RTSP. Kò sí sẹ́tíǹgì tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ tó máa yí ìyẹn padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo ara páálí tàbí ojú ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ rí RTSP tàbí ONVIF. ONVIF yìí, Axis, Bosch àti Sony ló dá a sílẹ̀ ní 2008 kí kámẹ́rà ilé iṣẹ́ kan lè bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ míì ṣiṣẹ́. Àǹfààní ẹ̀ fún wa ni pé kámẹ́rà tó bá ní i á dáhùn nígbà tí ẹ̀rọ bá ké sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé ta ló wà ńbẹ̀. Lórí Windows, ẹ lo ONVIF Device Manager, á wá kámẹ́rà fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ Live video, á kọ líǹkì RTSP ẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà tí ò mọ ọ̀nà ẹ̀, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọlé. Tèmi ń jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé wọ́n fi ọwọ́ pa àwòrán náà rẹ́, ìsàlẹ̀ á di eérú, èèyàn tó ń kọjá á máa fà gùn-ùn lójú ẹ̀rọ. Àti pé tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ojú dúdú ni mo máa ń rí fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin márùn-ún.

Kọ́lá_Linux

Ẹ káàbọ̀ mà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ti eérú: ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní UDP ni fídíò ń gbà wá, UDP kìí padà lọ mú èyí tó bá já bọ́ lọ́nà, Wi-Fi tó bá sì jìnnà máa ń já a bọ́ dáadáa. Ẹ lọ sí Tools, Preferences, Input / Codecs, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí Live555 stream transport, ẹ yí i sí RTP over RTSP (TCP), TCP máa ń padà lọ mú èyí tó já bọ́. Ẹ tì í, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, Wi-Fi tó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà ni kò lágbára, ẹ sún ráwútà mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ lo fídíò kékeré, tàbí wáyà tó bá ṣeé ṣe. Wáyà ló dáa jù lọ fún kámẹ́rà tó bá ń ṣọ́ nǹkan pàtàkì, ẹnikẹ́ni ò lè yí mi lọ́kàn padà lórí ìyẹn.

Ti ojú dúdú: kámẹ́rà kìí fi àwòrán odidi ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Á fi odidi kan ránṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ohun tó bá yí padà nìkan lá máa fi ránṣẹ́, títí á fi kan odidi míì. Tẹ́ ẹ bá wọlé láàárín, ẹ ní láti dúró de odidi tó ń bọ̀. Nínú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà ẹ wá I-frame interval, tí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí interval sì jẹ́ 100, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lẹ lè dúró. Ẹ sọ ọ́ di 20 tàbí 40.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà tó sì ń gbóná, ẹ wò ó bóyá H.265 ni kámẹ́rà fi ń fún fídíò pọ̀, ẹ yí i sí H.264. H.265 ń dín ibi tí fídíò ń gbà kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń fún kọ̀ǹpútà pọ̀.

Túndé_Yára

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èmi fẹ́ máa wò ó láti ibi iṣẹ́ ni, ṣé mi ò lè kàn ṣí port 554 nínú ráwútà kí n fi IP ìta ilé mi sínú líǹkì? Mo rí i lórí fídíò kan pé ó ń ṣiṣẹ́.

BàbáWáyà

Àbúrò, má ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣiṣẹ́ fún ẹ ló máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé. Àwọn ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbogbo IP tó wà láyé tọ̀sán tòru láti mọ èyí tó ṣí, wọn ò ní pẹ́ rí tìẹ. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀ rẹpẹtẹ, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn látìbẹ̀rẹ̀ ló ń dán wò, tó bá ti wọlé á sọ ẹ̀rọ yẹn di ọmọ ogun. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ẹ̀rọ tí Mirai kó yìí ni wọ́n fi kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà sáìtì fún bíráwúsà, tí èèyàn púpọ̀ ò fi lè dé orí Twitter àti Netflix. Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti òkèèrè, ni Mirai gbà wọlé, kìí ṣe RTSP, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: kámẹ́rà ò yẹ kó dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì lójú ara ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni VPN tìẹ, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ. Ọ̀pọ̀ ráwútà òde òní ti ní WireGuard, irú VPN kan, nínú, tí tìẹ ò bá ní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kìí kú nílé lè ṣe é. Fi WireGuard sórí fóònù ẹ, tó o bá ti tàn án níbi iṣẹ́, bí ẹni pé o wà nílé ni, líǹkì 192.168 kan náà á ṣiṣẹ́. Kí WireGuard nìkan ló ṣí síta, òun kìí tilẹ̀ dá ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́_IT

Mo tì yín lẹ́yìn gbágbá sà. Mo sì fẹ́ tẹ̀ síwájú: nínú ráwútà, ẹ dí kámẹ́rà lọ́nà kó má lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. RTSP ò nílò ẹ̀.

Ṣẹ́gun_Ráwútà

Àǹtí, mo fara mọ́ ọn fún kámẹ́rà inú ilé. Ti gééètì ńkọ́? Ẹni tó bá dí i, ìkìlọ̀ tí áàpù máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù pé ẹnì kan wà ní gééètì ti parí nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì torí ẹ̀ ra kámẹ́rà nìyẹn. Kí olúkúlùkù mọ ohun tó ń fi sílẹ̀ kó tó ṣe é. Ohun kejì ni aago. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ti ń mú àkókò, tẹ́ ẹ bá dí i, aago ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi fídíò hàn pé aago báyìí ni nǹkan ṣẹlẹ̀, kò ní bára mu. Tí ráwútà yín bá lè pín àkókò, ẹ fi IP ráwútà sí ibi tí wọ́n kọ NTP sí nínú kámẹ́rà.

Mọ́rẹ́nikẹ́_IT

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí ojú ẹ̀ kọ sínú ilé, ẹ dí i. Èyí tí ojú ẹ̀ kọ síta, ẹ ro ó.

Adùkẹ́_Onílé

Mo ti yọ ti pálọ̀ kúrò lórí ògiri, mo pa á. Tí mo bá máa fi òmíràn síbẹ̀, á jẹ́ èyí tó ní RTSP, mo sì máa dí i lọ́nà ìta. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ọkọ mi náà lè máa wò ó lórí fóònù tiẹ̀, kí èmi náà sì máa wò ó, mo sì fẹ́ kí fídíò máa wà ní pípamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Mo gbìyànjú àtikọ líǹkì yẹn sínú Chrome, kò gbà.

Kọ́lá_Linux

Bíráwúsà kìí ṣí RTSP, kò sí èyí tó ń ṣe é nínú wọn. go2rtc lẹ máa lò, ọ̀fẹ́ ni. Orí kọ̀ǹpútà kan nílé lá wà, á gba fídíò lọ́wọ́ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni yóò wá máa pín in fún gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá béèrè, èyí sì ṣe pàtàkì torí kámẹ́rà kékeré kìí lè gba èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì sẹ́tíǹgì ẹ̀ ò ju báyìí lọ:

streams:
  geeti: rtsp://oruko:pasiwoodu@192.168.1.50:554/stream1
  eyinkule: rtsp://oruko:pasiwoodu@192.168.1.51:554/Streaming/Channels/101

Ọkọ yín á kàn ṣí IP kọ̀ǹpútà yẹn lórí bíráwúsà fóònù wọn, kí wọ́n fi :1984 sí i lẹ́yìn, kámẹ́rà méjèèjì á tò síbẹ̀.

Ti pípamọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣírò àyè. Fídíò tó bá ń lo 4 Mbps á gba bíi 1.8 GB ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 43 GB lóòjọ́ fún kámẹ́rà kan. Tẹ́ ẹ bá dín in sí 2 Mbps, ó di ìdajì. Kámẹ́rà méjì, ọjọ́ méje, 4 Mbps, ó sún mọ́ 605 GB. Dísíìkì 1 TB á gbà á dáadáa. Frigate, áàpù tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀, ló dáa fún ìyẹn, á máa fi fídíò kékeré wá èèyàn tàbí ọkọ̀, á máa tọ́jú ńlá sórí dísíìkì, á sì fúnra ẹ̀ pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ ná, ẹ ti mẹ́mórì káàdì bọ inú kámẹ́rà.

Ìyá_Ìbejì

TCP yẹn ti ṣiṣẹ́ o Kọ́lá, eérú ti lọ. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìbéèrè kan ló kù: kámẹ́rà tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn NVR, àpótí tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀, ni wáyà gbogbo wọn wọ̀, a wá IP wọn nínú ráwútà, a ò rí ọ̀kan, NVR nìkan la rí.

BàbáWáyà

Kò lè hàn nínú ráwútà, ìyá. Àwọn ihò tó wà lẹ́yìn NVR yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn lọ́tọ̀ ni NVR dá sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ NVR lẹ ti máa gbà á, IP tiẹ̀ lẹ máa fi sínú líǹkì, pẹ̀lú yúsánéèmù àti pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀. Tó bá jẹ́ Hikvision, 101 ni kámẹ́rà kìíní, 201 ni kejì, 301 ni kẹta, 302 sì ni fídíò kékeré ti kẹta. Tó bá jẹ́ Dahua, channel=1, channel=2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa lọ.